Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ olùkọ́ nípa omi kó tó kọ́ ọmọ?

Àwa kan ní Abuja ń bá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè fi omi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa, òbí àti olùkọ́, máa ń bi wá ní ìbéèrè lẹ́yìn ìsìn àti níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Mo kó àwọn tó gba àlàyé jọ síbí.

Ìbéèrè: Ṣé omi náà tún ní ẹ̀kọ́ nínú ni? Ta ni kò mọ omi?

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Nyanya pé kí ni omi, kíá ni yóò kà á sórí fún yín: omi kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò ládùn. Ẹ wá bi í pé níbo ni mẹ́rúwà ti pọn omi tó kó sórí ọmọlanke, tàbí kí ló dé tí kànga ilé wọn ń gbẹ ní oṣù kẹta, kò ní rí nǹkan sọ. Olùkọ́ rẹ̀ náà lè má rí i sọ. Kì í ṣe pé olùkọ́ ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kànga dẹ̀rọ ilé wa gbẹ, ti aládùúgbò wa sì ń tú omi yàà. Kí ló fà á?

Ìbéèrè yìí gan-an la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń dáhùn pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, pé ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ bá odò náà ló ríre. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Abuja, irú èyí tí ẹ ń rí tó yọrí síta ní Aso. Àpáta yìí kì í fa omi mu. Ibi méjì péré lomi lè sá sí: inú ilẹ̀ tó ti rọ̀ tó bo àpáta lórí, àti ojú ibi tí àpáta ti sán. Tí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ bá bọ́ sí ojú sísán tó kún fómi, omi dé nìyẹn. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri lè bá òkúta gbígbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òjò ló ń kún ibẹ̀ padà, nítorí náà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn, tí gbogbo àdúgbò sì ń fa omi, omi á rẹlẹ̀.

Ẹnu lásán kò lè fi èyí yé ọmọ. Ẹ gé orí ike omi ńlá kan. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i dé ìdajì, kí ẹ da yanrìn lé e. Ẹ ki ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bọ inú rẹ̀ bíi kànga, irú èyí tí a fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò: ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, ìkejì kò kọjá inú yanrìn. Ẹ fi àkísà díẹ̀ di ẹnu wọn nísàlẹ̀ kí yanrìn má bàa dí i. Ẹ wọ́n omi sí i lórí, gbogbo kíláàsì á rí i bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ, tó ń dúró sáàárín òkúta. Ẹ fi sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa omi jáde: ọ̀pá kúkúrú ló máa kọ́kọ́ gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ da búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sórí yanrìn, ẹ ní ṣaláńgá nìyẹn. Ẹ tún wọ́n omi, kí ẹ sì tún fà. Tí omi tó ní búlúù bá jáde nínú sìríńjì, yàrá máa ń pa rọ́rọ́. Olùkọ́ a máa bi ara wọn nípa bí ṣaláńgá ilé wọn ṣe jìnnà sí kànga tó.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe kí ẹ kàn fún wọn níwèé?

Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ní 1984, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ètò kan tó ń jẹ́ Project WET sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa omi. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà tiwọn ni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó bí ọmọ kíláàsì, á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó tó lọ fi kọ́ni.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì níbí rèé. Ẹ gbé ike sóbò tó ti dì kalẹ̀ ní kíláàsì, láìpẹ́ ara rẹ̀ á máa làágùn. Àwọn ọmọ á ní sóbò ló ń jò. Ẹ fi tíṣù funfun nù ún: kò pọ́n. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá, òtútù ara ike ló sọ ọ́ di omi padà, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ náà nìyẹn. Ní oṣù kẹfà, kò ní ṣàìṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ ti gbẹ, omi ara ike lè má tó nǹkan, ó sì lè má sí rárá. Olùkọ́ tó jẹ́ pé ìwé nìkan ló kà á rò pé òun ṣe é sódì, á gbé ike rẹ̀ kúrò. Ẹni tí a kọ́ dáadáa á bi àwọn ọmọ pé, "Kí ló dé tí kò làágùn lónìí?" Wọ́n á ronú kan ètè wọn tó ń là àti aṣọ tó ń tètè gbẹ lórí okùn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn á wá jinlẹ̀ ju ti oṣù kẹfà lọ.

Bákan náà ni eré Project WET kan tí ọmọ ti ń di ẹ̀kán omi, tó ń ju dáìsì kó tó mọ ibi tó kàn: òkun, ìkúukùu, òkìtì yìnyín. Ẹ má yọ yìnyín kúrò, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi tí kò níyọ̀ láyé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi dáàmù Lower Usuma tó ń fún Abuja lómi, páìpù tó ń gbé omi wá láti Gurara, àti ọmọlanke mẹ́rúwà kún un.

Ìbéèrè: Omi tó mọ́ gaara, tí a sì sè, ṣé kò ti parí?

Sísè ń pa kòkòrò onígbáméjì. Kì í yọ òjé (lead). Ní 2010, ní àwọn abúlé kan ní Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ilẹ̀ àti eruku ló kó èyí tó pọ̀ jù, ó sì dé inú omi kànga pẹ̀lú. Ojú kì í rí i. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ohun tó bá sọ ni ọmọ máa gbé lọ sílé fún ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dẹnu kọlẹ̀, ó sì ń dùn mí. Wọ́n á kó olùkọ́ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fún wọn ní báàgì, ìwé ẹ̀rí àti oúnjẹ ọ̀sán, ó parí. Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ padà sí kíláàsì tó kún dẹ́nu, kò sí ike, kò sí sìríńjì, ọ̀gá àgbà sì ń bínú pé omi dà sílẹ̀. Ẹ mú olùkọ́ méjì láti ilé ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ pe ọ̀gá àgbà náà wá. Kí ẹnì kan lọ jókòó tì wọ́n ní kíláàsì láàárín táàmù, kì í ṣe láti fún wọn ní máàkì. Kí iṣẹ́ náà sì bá síkíìmù wọn mu. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò sì ní omi ìfọwọ́, ẹ kọ́kọ́ bá wọn wá omi.

Kaduna ni National Teachers' Institute, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn olùkọ́, wà, láti 1976 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Kaduna náà ni National Water Resources Institute, tó ń kọ́ni níṣẹ́ omi, wà. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè ńkọ́?

Kó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iye kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó wọ ilé wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, ẹni tó pọn ọ́n, àti iye tí wọ́n rà á. Kó fi ìṣirò ọjọ́ Ẹtì sọ ọ́ di lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Kí ó má pe orúkọ ọmọ tí tiwọn kéré jù.