Ajá amọ̀nà kò mọ ọ̀nà

Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ àwòrán náà dáadáa: bàbá tí kò ríran di ìdí ọ̀pá mú, ọmọ kékeré kan di orí ọ̀pá yẹn mú níwájú, àwọn méjèèjì sì ń gba àárín ọjà kọjá. Ọmọ náà ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ, òun ló mọ ibi tí kòtò wà, òun náà ló ń sọ fún bàbá pé ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí irú wa bá wá dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, tí a rí ẹni tí kò ríran tó di ìdìmú kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá ńlá, ńṣe ni a ń yọ ọmọ kúrò nínú àwòrán àtijọ́ yẹn, tí a sì ń fi ajá rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbà gbọ́ pé ajá náà mọ ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n ń lọ, pé ó ń wo iná tó ń darí ọkọ̀, ó sì mọ ìgbà tí iná náà di àwọ̀ ewé, àti pé olówó rẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Orúkọ tí a sọ ọ́ dá kún àṣìṣe náà. Ajá amọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ajá afinimọ̀nà ni àwọn mìíràn ń pè é, bẹ́ẹ̀ amọ̀nà ni ẹni tó mọ ọ̀nà. Ajá yìí kò mọ ọ̀nà. Ẹni tí kò ríran ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò yà, apá ibi tí wọn yóò yà sí, àti ìgbà tí wọn yóò dá títì kọjá. Iṣẹ́ ti ajá ni láti rí i pé ẹni náà kò forí gbá nǹkan, kò jìn sí kòtò, àti láti dúró sójú kan bí ilẹ̀ bá fẹ́ yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí èyí tó kéré nínú méjèèjì. N kò ní kí á yí orúkọ náà padà o, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí á ní Peckham ni wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì fẹ́ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní kẹ́míìsì. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, gbogbo ọ̀nà náà ti wà lórí wọn bí orin: wọn yóò jáde, wọn yóò yà sí òsì, wọn yóò dá òpópónà kékeré méjì kọjá, ilẹ̀ yóò dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, òórùn ẹja yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí wọn nímú, ìyẹn ni pé títì ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ìdìmú mú, nítorí apá òsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ajá yìí láti máa rìn, wọ́n sì sọ pé "forward", torí ajá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kò gbọ́ "ó yá, máa lọ". Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ajá fi dẹ ìrìn rẹ̀, tó rọra tẹ̀ sí ọ̀tún, tó sì tún padà sójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kan ni ẹnìkan gbé ti ògiri. Màmá kò kọlù ú, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdìmú líle tí wọ́n so mọ́ ìjánu awọ tí wọ́n dè mọ́ ajá náà láyà ló gbé ìyípadà ara rẹ̀ wá sí ọwọ́ wọn, tí ẹsẹ̀ tiwọn sì ti tẹ̀ lé e kí wọ́n tó ronú kàn án.

Nígbà tí wọ́n dé etí títì, ajá dúró gbọin. Màmá na ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n fi wá ibi tí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ parí sí. Níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọjá ti ń rò pé ajá ń wo iná, ṣùgbọ́n ajá kò wo iná kankan. Àṣẹ ló ń retí. Màmá ló ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀, tí wọ́n sì na ọwọ́ sí abẹ́ àpótí bọ́tìnnì tó wà lára òpó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń dá títì kọjá, ó rí ṣóńṣó bí òkòtó tí ọmọdé ń ta. Bí iná bá ti gba ẹlẹ́sẹ̀ láàyè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ ìka. Òkòtó yí, màmá pàṣẹ, wọ́n kọjá. Ká ní wọ́n ṣi òpópónà kà ni, tí wọ́n yà síbi tí kò yẹ, ajá kò ní sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣìnà. Yóò bá wọn lọ tayọ̀tayọ̀, yóò sì máa fara balẹ̀ yẹ gbogbo òpó àti kòtò tó wà lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn náà.

Ní ti iná, ojú ajá gan-an kò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Oríṣi mẹ́ta ni ohun tín-ín-rín tó ń dá àwọ̀ mọ̀ nínú ojú ènìyàn, méjì péré ni ti ajá. Ó rí búlúù, ó rí àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ewé súnmọ́ ara wọn púpọ̀ lójú rẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó ro ọ̀rọ̀ Morris Frank wò. Ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni dókítà Gerhard Stalling dá ilé ẹ̀kọ́ irú ajá yìí sílẹ̀ ní Oldenburg ní Jámánì, fún àwọn ọmọ ogun tí ogun gba ojú lọ́wọ́ wọn. Ní 1927, Dorothy Harrison Eustis, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sin ajá ní Switzerland, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ rẹ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó rí ní Potsdam. Frank, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ríran ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, gbọ́ nípa rẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí i, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Nígbà tó padà gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù kẹfà 1928 pẹ̀lú abo ajá kan tó ń jẹ́ Buddy, ó bá a dá West Street kọjá lójú àwọn oníròyìn, òpópónà tí ọkọ̀ àti ariwo kún bámúbámú. Níbo wá ni Buddy ti mọ New York? Switzerland ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò mọ òpópónà kan ṣoṣo nínú ìlú náà, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń dúró bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, bí a ṣe ń fà sẹ́yìn, àti bí a ṣe ń tẹ̀ síwájú bí àyè bá ṣí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Frank fi ránṣẹ́ sí Eustis nínú tẹligíráàmù rẹ̀: "Success". Ní ọdún kejì, 1929, ni wọ́n jọ dá The Seeing Eye, ilé ẹ̀kọ́ irú ajá yìí, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ ajá fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí kì í bá ṣe ọ̀nà? Ẹ̀yà ajá tí wọ́n ń pè ní Labrador tàbí Golden Retriever, tàbí àdàlù àwọn méjèèjì, ló sábà máa ń jẹ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tí wọ́n bí i sì ni yóò ti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan tó yọ̀ǹda ara wọn láti tọ́ ọ. Títí tí yóò fi lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan, ayé ni yóò máa kọ́: bọ́ọ̀sì, àtẹ̀gùn, ọjà, ọmọdé tó ń ké, oúnjẹ tó já bọ́ sílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ gbé. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ gíga àti fífẹ̀ ló ta kókó jù níbẹ̀. Ajá mọ ìwọ̀n ara tirẹ̀, ó mọ àlàfo tó lè gbà á. Ẹ̀ka igi tó wà ní ìwọ̀n orí ènìyàn kò kàn án, torí abẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Nítorí náà, olùkọ́ yóò gbé igi kan dábùú ọ̀nà ní ìwọ̀n orí. Ajá yóò gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ yóò dúró, yóò fi ọwọ́ gbá igi náà kí ó lè dún, kí ajá lè wòkè, wọn yóò padà sẹ́yìn, wọn yóò tún ibẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ tí ajá bá yẹ igi náà fúnra rẹ̀, tàbí tó dúró níwájú rẹ̀, ìyìn àti oúnjẹ yóò tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ajá náà yóò máa tóbi sí i lọ́kàn òun fúnra rẹ̀, títí yóò fi máa rìn bí ẹni pé ara méjì ló ń gbé kiri. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, olùkọ́ yóò fi aṣọ di ojú ara rẹ̀, yóò di ìdìmú mú, olùkọ́ mìíràn yóò sì máa tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń la ìgboro kọjá.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti èyí yàtọ̀: wọ́n ń kọ́ ọ pé kí ó má gbọ́ fèrè nígbà mìíràn. Bí olówó rẹ̀ bá ní kí ó lọ síwájú, tí ọkọ̀ kan sì ń yọ bọ̀, tàbí tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n dúró sí ni etí pèpéle ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó gbọdọ̀ kọ̀. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yóò wa ọkọ̀ já sí iwájú wọn lẹ́yìn tí àṣẹ bá ti jáde, ajá yóò sì kọ́ pé ìyè sàn ju ìgbọràn lọ. Ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò sí i láyé ọkọ̀ oníbátìrì, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dún bí ó bá ń rọra lọ, tó sì lè tan etí tó mọ ìró ọkọ̀ bí ẹní mowó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíkọ̀ yìí ló ń mú kí àwọn tó ń wòran rò pé ọwọ́ ajá ni gbogbo ìrìn náà wà. Ṣùgbọ́n "rárá" nìkan ni wọ́n fún un láṣẹ láti sọ. Kò lè sọ pé "ibí ni kí á gbà".

Mo gbà pé ìgbàgbọ́ náà ní ibi tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ajá tó bá ń lọ síbì kan lójoojúmọ́ yóò mọ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ ṣe ń mọ ọ̀nà abà, wọ́n sì máa ń kọ́ ọ láti wá ilẹ̀kùn tàbí àga tó ṣófo bí wọ́n bá ní kí ó wá a. Ìmọ̀ yẹn gan-an a máa dá wàhálà sílẹ̀ nígbà mìíràn: ajá yóò fẹ́ yà sí ilé ọ̀rẹ́ màmá tó máa ń fún un ní bísíkíìtì, màmá yóò sì ní láti fà á padà sójú ọ̀nà kẹ́míìsì.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nínú àṣìṣe yìí ni pé ẹni tó bá gbà pé ajá ló mọ̀nà, ajá náà ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. "Mú màmá délé o", yóò sì máa fi ọwọ́ pa ajá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí. Òmíràn yóò gba ìdìmú mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì fa àwọn méjèèjì sọdá títì tí wọn kò fẹ́ sọdá. Bí màmá bá béèrè ọ̀nà, wọn yóò nàka, tàbí kí wọ́n ní ajá yóò mú wọn débẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé "ẹ ka òpópónà kejì, kí ẹ yà sí ọ̀tún" ni ohun tí màmá lè lò. Nínú ẹbí pẹ̀lú, bí ojú àgbàlagbà bá ń di bàìbàì, àwọn ọmọ a máa sọ pé kí wọ́n ṣáà wá ajá fún wọn, bí ẹni ra aago. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ kí ẹni náà ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, kí ó sì ti mọ àwọn ọ̀nà rẹ̀ lórí, kí ọ̀rọ̀ ajá tó wáyé. Ọ̀pá yẹn náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò ríran ń lò láìní ajá rárá.

Ajá náà yóò dàgbà. Bí ó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 9 tàbí 10, wọn yóò bọ́ ìdìmú kúrò lára rẹ̀, yóò máa sùn nínú ilé bí ajá mìíràn, ajá tuntun yóò sì dé. Bí ó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló mọ ọ̀nà kẹ́míìsì, ọ̀nà náà ì bá ti bá a fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, màmá yóò fi ọwọ́ òsì di ìdìmú tuntun mú, wọn yóò ka òpópónà kékeré kìíní, wọn yóò ka èkejì, òórùn ẹja yóò ta sí wọn nímú, wọn yóò sì máa sọ ibi tí wọn yóò gbà fún ajá tí kò dé Peckham rí.