Lẹ́tà Àwọn Ọmọdé Ló Bí Return to Oz

Return to Oz ni fíìmù tí Disney gbé jáde ní 1985, láti inú àwọn ìwé tí L. Frank Baum kọ fún àwọn ọmọdé. Ẹgbẹ̀rún lẹ́tà ni Baum sọ pé òun fẹ́ gbà kí òun tó kọ apá kejì ìwé rẹ̀. Ọdún 1900 ló gbé ìwé àkọ́kọ́, The Wonderful Wizard of Oz, jáde ní Amẹ́ríkà, ìtàn Dorothy, ọmọbìnrin kékeré tó bá ara rẹ̀ ní Oz, ilẹ̀ idán, àwọn ọmọdé tó kà á kò sì jẹ́ kó sinmi. Ọmọbìnrin kékeré kan ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, ó ní kó tún sọ̀rọ̀ nípa ère tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko àti agégi onípáànù. Baum ní bí ẹgbẹ̀rún ọmọbìnrin bá lè kọ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà sí òun, òun á kọ ọ́. Lẹ́tà pé. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kejì, tó jáde lọ́dún 1904.

Àwọn ọmọ tún yarí, nítorí pé Dorothy kò sí nínú rẹ̀. Ní 1907, Dorothy padà, pẹ̀lú àgbébọ̀ adìẹ kan tó ń sọ̀rọ̀ àti Tik-Tok, ọkùnrin tí wọ́n fi bàbà rọ.

Fíìmù The Wizard of Oz, tí ilé iṣẹ́ MGM ṣe láti inú ìwé àkọ́kọ́ ní 1939, ló wá bo ìwé mọ́lẹ̀. Fàdákà ni bàtà Dorothy nínú ìwé. Wọ́n sọ ọ́ di pupa kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ dáadáa. Pupa yẹn ló gbilẹ̀ débi pé nígbà tí Disney fẹ́ lò ó, wọ́n ní láti sanwó fún MGM.

Walter Murch ni Disney gbé iṣẹ́ Return to Oz fún. Ògbóǹtarìgì ni nídìí ohùn àti títo fíìmù pọ̀, ṣùgbọ́n kò darí fíìmù rí. Kò tẹ̀ lé orin àti ijó ti 1939. Ìwé 1904 àti 1907 ló pò pọ̀, ó sì wá ọmọ kékeré, Fairuza Balk, tí kò ju nǹkan bí ọdún 10 lọ, fi ṣe Dorothy. Nígbà tí iṣẹ́ ń falẹ̀, wọ́n lé Murch. George Lucas, ẹni tó ṣe fíìmù Star Wars, ló dúró fún un tí wọ́n fi gbà á padà.

Wọ́n bú fíìmù náà ní 1985 pé ó ń dẹ́rù ba ọmọdé, owó tó sì pa ní Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Lóòótọ́, àyà mi já níbi tí dókítà ti ń fi ẹ̀rọ iná mànàmáná han Dorothy, tó ń sọ fún un pé kó wo ojú ẹ̀rọ náà, kó wo imú rẹ̀. Murch ló fi ìyẹn kún un. Àmọ́ obìnrin tó ní orí 30, tó ń pààrọ̀ wọn bí ẹni pààrọ̀ gèlè, Baum ló kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ lẹ́tà. Àwọn ọmọ náà kò sá. Wọ́n ní kó tún kọ sí i, ó sì kọ ọ́ títí ìwé Oz fi pé 14.

Tik-Tok ni mo fẹ́ràn jù. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń yí lára rẹ̀ bíi ti aago àtijọ́: ti ìrònú, ti ọ̀rọ̀, ti ìrìn. Bí ti ìrònú bá tán ṣáájú ti ọ̀rọ̀, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ. Nínú fíìmù, èèyàn ló wà nínú bàbà yẹn: Michael Sundin, eléré ìdárayá ará Ìlú Ọba. Ó ká ara rẹ̀ kò, ó fi orí sí àárín ẹsẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nínú ibẹ̀ ló sì fi ń mọ ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí.