Iyanrìn Asẹ́ Omi Kì í Ṣe Ajọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ajọ̀ ṣe ń ya èérún sọ́tọ̀ ni iyanrìn ṣe ń ya ìdọ̀tí kúrò nínú omi, nítorí náà, tí omi tó jáde bá ṣì rú, iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Láàárín hóró iyanrìn tó fẹ̀ tó ìdajì mílímítà, àlàfo ibẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bakitéríà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè há sáàárín iyanrìn. Tí ó bá dúró, a jẹ́ pé ó lẹ̀ mọ́ ọn ni, ohun tó wà nínú omi ló sì ń pinnu bóyá yóò lẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ omi odò, iná mànàmáná òdì ló wà lára iyanrìn, ó wà lára amọ̀ àti bakitéríà pẹ̀lú, wọ́n sì ń ti ara wọn bí orí mágínẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra. Kálísíọ́ọ̀mù tó pọ̀ nínú omi tí ọṣẹ kì í hó sí dáadáa máa ń dín títì yìí kù. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ó máa ń mú kí iyọ̀ inú odò dín kù, ó sì máa ń gbé omi ewé jíjẹrà wọlé, èyí tó ń bo ara amọ̀ tí títì náà fi ń le sí i. Kódà ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ lánàá lè tú lónìí.

Álọ́ọ̀mù la fi ń pa iná òdì náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ gba àkíyèsí gidigidi. Tó bá kéré, ìdọ̀tí yóò kọjá. Tó bá pọ̀ jù, iná ara ìdọ̀tí lè yí padà, wọn yóò sì tún máa ti ara wọn. Álọ́ọ̀mù tún máa ń fa pH wálẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tó; bí omi bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀), bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 6 sí 7; tí pH bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, alumíníọ́ọ̀mù inú álọ́ọ̀mù náà yóò yòrò, yóò sì bá omi kọjá.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó iyanrìn dànù, ẹ bu omi kan náà sínú ife mẹ́fà, ẹ fi ìwọ̀n álọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wo èyí tí ìdọ̀tí rẹ̀ kó jọ bí orí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi álọ́ọ̀mù sí i ni kí ẹ wọn pH, kì í ṣe ṣáájú.