Ta ló tà wá fún MTN?

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì ní Lágéré, n'Ífẹ̀, ni bàbá àgbàlagbà kan ti sọ ọ́ gbangba pé ìjọba ti gbé wa tà fún MTN. Ó ní òru ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn 5G, ìyẹn ìran karùn-ún nẹ́tíwọọ̀kì fóònù, pé owó ìlú ni ìjọba gbé fún MTN kí wọ́n lè máa ṣọ́ ibi tí a bá ń lọ, àti pé 5G ọ̀hún náà ló gbé kòrónà wọ̀lú. Àwọn tó dúró ń mi orí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó. Ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù ń lò, abẹ́ àṣẹ ìjọba ló wà, bí ilẹ̀ ọjà ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ ní Ọjà Tuntun, á sanwó ìsọ̀. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ṣe gbàǹjo ìsọ̀ 5G méjì ní Àbújá. Ilé iṣẹ́ MTN, Airtel àti Mafab ló dìde sí i. Mílíọ̀nù 197.4 dọ́là ni wọ́n fi ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọ́n gbówó lé e, títí ó fi di mílíọ̀nù 273.6. Airtel jáwọ́, àwọn méjì yòókù sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, iye yẹn ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn san. Bí a bá ń wá ẹni tó gbowó, ìjọba ni.

Ẹlòmíì á ní wọ́n jọ mulẹ̀ ni. Ó dáa. Lọ́dún 2015, NCC yìí kan náà bu owó ìtanràn lé MTN nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn ò gé kúrò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìforúkọsílẹ̀ wọn ò péye: ₦200,000 lórí síìmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ó, ó ju tírílíọ̀nù kan lọ. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n dúnàádúrà, ó wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 330 lọ́dún 2016. Irú ìmùlẹ̀ wo nìyẹn?

Ti ṣíṣọ́ wa, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì gbọ́dọ̀ mọ òpó tí fóònù yín sún mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpè ò ní rí yín. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 tí GSM ti dé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe 5G ló mú un wá.

Kòrónà ńkọ́? Ará Ítálì kan tó bá bàálù wọ Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù Kejì ọdún 2020. MTN ti dán 5G wò díẹ̀ lọ́dún 2019 lóòótọ́, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án 2022 ló tó gbé e jáde fún aráàlú. Èémí ni kòkòrò yẹn ń bá rìn. Ìgbì rédíò ò lè gbé e.

Bàbá gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ta ló wá ń jẹ dátà mi?" Mo gba fóònù wọn wò. WhatsApp ń fúnra rẹ̀ gba gbogbo fídíò tí àwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí wọn sílẹ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ àdéhùn òru náà sì wà láàárín wọn. Mo bá wọn pa ètò tó ń fúnra rẹ̀ gba fídíò náà.