Àwòṣe rélùwéè inú ilé

Àwòṣe rélùwéè inú ilé ni ojú irin kékeré àti ọkọ̀ tó ń sáré lórí rẹ̀, pẹ̀lú ilé, igi, ọ̀nà àti afárá tí a tò yí i ká lórí tábìlì tàbí pẹpẹ, tí gbogbo rẹ̀ sì kéré ju ojúlówó lọ ní ìwọ̀n kan náà. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ iná, ìṣirò àti ìwádìí ìtàn ló pàdé nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà fi ń ṣe é tọkàntọkàn. Ẹni tó bá ń ra gbogbo nǹkan rẹ̀ láti òkè òkun yóò náwó gan-an. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ohun tó ń fẹ́ wà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, wẹ́dà, mẹkáníìkì àti atúnrédíòṣe. Ẹ́ńjìnnì, táyà irin àti ìyànà ojú irin (ibi tí irin kan ti ya sí méjì) nìkan ló ṣòroó rí nítòsí.

Kò sí ojú irin tó gba inú ìlú méjèèjì yìí. Èyí tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkirun àti Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nítorí náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ wo irin, kó wọn ohun tó fẹ́ wọ̀n, kó sì ya fọ́tò, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ni yóò lọ. Ti ará Ọ̀yọ́ ti rọrùn sí i láti ìgbà tí ojú irin tuntun láti Èkó ti dé Mọníyà, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ní 2021.

Ìtàn ní ṣókí

Ilé iṣẹ́ Märklin ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé ojú irin ìṣeré tí ìbú rẹ̀ ní ìlànà jáde, ní 1891. Ilé iṣẹ́ Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1920. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ náà ń kéré sí i, títí tó fi lè wọ yàrá tí kò tóbi.

Ìbú ojú irin àti òṣùwọ̀n

Ohun méjì ni ẹni tó ń kọ́ àwòṣe gbọ́dọ̀ yàn kó tó ná kọ́bọ̀. Òṣùwọ̀n ni àkọ́kọ́, ìyẹn iye ìgbà tí ojúlówó fi tóbi ju àwòṣe lọ. Ìkejì ni ìbú ojú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì láti inú dé inú. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni HO, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:87 tí ìbú irin rẹ̀ sì jẹ́ 16.5 mm, N, tó jẹ́ 1:160 lórí 9 mm, àti Z, tó jẹ́ 1:220 lórí 6.5 mm. Ní Gẹ̀ẹ́sì, OO ni wọ́n mọ̀ jù: 1:76 ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n orí irin 16.5 mm kan náà ló ń rìn. Ìdí nìyí tí irin 16.5 mm fi pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, tí àlòkù rẹ̀ kì í sì í wọ́n.

Oríṣi ojú irin méjì ló wà ní Nàìjíríà. Ti àtijọ́, tó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà, fẹ̀ ní 1,067 mm. Ti tuntun, láti Èkó sí Ìbàdàn, fẹ̀ ní 1,435 mm, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Bí a bá pín 1,435 sí ọ̀nà 87, 16.5 ni yóò jáde, géérégé. Bí a bá sì pín 1,067 sí ọ̀nà 64, 16.7 ni. Ìyàtọ̀ 0.2 mm yìí kò tó ohun tí ojú lè rí. Ohun tí ìṣirò yìí ń sọ ni pé irin olówó pọ́ọ́kú kan náà lè ru rélùwéè Nàìjíríà méjèèjì: kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ Mọníyà lo 1:87, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ Ọ̀fà lo 1:64.

Lílo 1:64 lórí irin 16.5 mm kì í ṣe àdábọwọ́. Sn3½ ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń kọ́ àwòṣe ní South Africa, Australia àti New Zealand sì ń lò ó, nítorí pé irin 1,067 mm wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Èrè rẹ̀ fún olówó kékeré ni pé ó lè ra ẹ́ńjìnnì HO tàbí OO àlòkù tí ara rẹ̀ ti fọ́ àmọ́ tí mọ́tò rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó wá fi páálí líle tàbí páàlì pílásítíìkì kọ́ ara ọkọ̀ Nàìjíríà lé e lórí. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni táyà. Táyà HO sábà máa ń tó 12 mm. Ní 1:64, èyí dúró fún nǹkan bíi 770 mm, ó kéré díẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì ńlá. Ara ọkọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń bo àléébù náà.

Èrè kejì wà nínú ọjà ìṣeré ọmọdé. Ọ̀pọ̀ mọ́tò irin kékeré tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ súnmọ́ 1:64, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é a máa sún òṣùwọ̀n wọn kí wọ́n lè wọ páálí kan náà. Rúlà ló ń yanjú rẹ̀: mọ́tò tó gùn ní mítà 4.5 gbọ́dọ̀ jẹ́ 7 cm. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 yóò jẹ́ 2.7 cm. Ní 1:87, ẹni yẹn kò ní tó 2 cm, fífi ọwọ́ ṣe é sì le díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti ṣe irin àtijọ́, ìyẹn 1:87 lórí irin 12 mm. Ó gba ààyè díẹ̀, ṣùgbọ́n irin 12 mm kò pọ̀ bíi 16.5 mm.

Ààyè àti tábìlì

Pílíwúùdù tí wọ́n ń tà jẹ́ 244 cm ní gígùn, 122 cm ní fífẹ̀. Odidi kan tó fún òbìrípo HO, nítorí pé òbìrípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 46 cm ń wọ inú rẹ̀. Àmọ́ nínú yàrá kan àti pálọ̀, tábìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò di ẹrù fún onílé. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí a ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà la pílíwúùdù náà gígùn sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bíi 30 cm. Ẹyọ kan á wà lára ògiri bíi pẹpẹ ìwé, ìyókù á wà fún ọjọ́ iwájú.

Orí irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ni ètò tí Alan Wright, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Inglenook Sidings, ti wúlò jù. Ìyànà méjì péré ló ní, ẹ̀ka mẹ́ta sì ni. Wágọ́nù márùn-ún ń wọ ẹ̀ka tó gùn jù, mẹ́ta ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan méjì tó kù. Wágọ́nù mẹ́jọ ló wà lójú irin. Iṣẹ́ awakọ̀ ni láti to márùn-ún nínú wọn sí ẹ̀ka gígùn bí káàdì tí wọ́n fà ṣe sọ. Ètò 6,720 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè jáde nínú rẹ̀, nítorí náà kì í tètè sú ènìyàn. Ní 1:64, wágọ́nù tó gùn ní mítà 11 jẹ́ 17 cm, márùn-ún jẹ́ 86 cm. Gbogbo ètò náà ń wọ 244 cm.

Igi fúyẹ́ bí ọmọ̀ tàbí afárá ló dára fún férémù ìsàlẹ̀, àjẹkù rẹ̀ kì í sì í wọ́n ní sọ́mìlì. Ọ̀tá méjì ni pákó ní níbí. Òjò máa ń jẹ́ kó wú, ọyẹ́ a sì mú kó sún kì. Ọ̀dà tí a kùn sí iwájú, ẹ̀yìn àti etí pílíwúùdù ló ń dín ìyẹn kù, etí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé. Ikán ni ọ̀tá kejì. Bí tábìlì bá ní ẹsẹ̀, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń fi pa á.

Irin

Irin àwòṣe tó funfun bíi fàdákà, tí wọ́n ń pè ní nickel silver, sàn ju ti irin lásán lọ, nítorí pé ìpẹtà máa ń ba èyí jẹ́ lásìkò òjò. Ìyànà ló ń gbowó jù. Ètò tó bá lo méjì dípò mẹ́fà ti fi owó pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí irin méjì ti pàdé, kí a fi àlàfo tó nípọn tó káàdì páálí kan sílẹ̀, kí pákó lè rí ààyè sún nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí.

Fún ọkọ̀ tó ru bátìrì tirẹ̀ (wo ìsàlẹ̀), a lè fi ọ̀pá brazing 2.4 mm tí àwọn wẹ́dà ń lò ṣe irin, nítorí pé gíga rẹ̀ súnmọ́ ti irin HO kan tó jẹ́ 2.5 mm. Irú irin roboto bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ táyà tí etí rẹ̀ jìn dáadáa. Bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́ ni a fi tẹ́ irin, pákó kékeré tí a gé sí 16.5 mm gẹ́lẹ́ ni a óò máa tì láàárín rẹ̀ ní gbogbo ìka mẹ́ta. Ibi tí pákó náà bá ti há tàbí tó ti mì ni ọkọ̀ yóò ti yẹ̀ kúrò lójú irin.

Iná

Iná DC (irú ti bátìrì) 12 V ni ẹ́ńjìnnì àwòṣe àtijọ́ ń lò: bí fóòtì bá ṣe pọ̀ tó ni eré rẹ̀ ṣe ń yá tó, bí a bá sì yí wáyà méjèèjì padà, á fẹ̀yìn rìn. Níbi tí iná ìjọba kò ti dúró, bátìrì ọ̀kadà 12 V ló yẹ. Atúnrédíòṣe lè fi chip LM317 (tó ń pinnu iye fóòtì tó ń jáde), resistor 240 Ω àti fọ́líọ̀mù kan ṣe ohun ìdarí eré. Ó máa ń jẹ nǹkan bíi fóòtì méjì nínú iná náà, tí nǹkan bíi 10 V á fi dé ojú irin, èyí sì tó fún ẹ́ńjìnnì tó ń to wágọ́nù, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló yẹ kó rìn. Bí LM317 bá ń gbóná, irin pẹlẹbẹ tí a dè mọ́ ọn lẹ́yìn ló ń gba ooru náà. Súwíìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń yí wáyà padà.

Bátìrì ọ̀kadà lè mú wáyà gbiná bí ọkọ̀ bá yẹ̀ tó sì so irin méjèèjì pọ̀. Kí fíúùsì wà lẹ́nu bátìrì láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Lẹ́yìn fíúùsì, gílóòbù tíráfíkétọ̀ mọ́tò, 12 V 21 W, tí a so sójú ọ̀nà wáyà tó ń lọ sí irin tún jẹ́ ìdáàbòbò tó dára: bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé kì í tàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí irin bá so pọ̀, á tàn yòò, kò sì ní jẹ́ kí iná tó kọjá ju nǹkan bíi 1.75 A lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni awakọ̀ á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn mìíràn ń gbé bátìrì sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí iná má gba ojú irin rárá. Ẹyọ bátìrì 18650 látinú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó bàjẹ́ jẹ́ 18 mm ní fífẹ̀, 65 mm ní gígùn. Ó wọ kọ́ọ̀ṣì 1:64 tó fẹ̀ ní bíi 44 mm dáadáa. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń bo gbogbo nǹkan, ọ̀nà yìí ló dùn jù. Ṣùgbọ́n bátìrì lithium tó bá ti wú tàbí tó ti gún kò yẹ ní fífọwọ́ kàn, kò sì yẹ kí a gba iná sí i láìsí ohun èlò ìgbaná tirẹ̀.

Ilẹ̀, ilé àti igi

Erùpẹ̀ pupa tí a fi asẹ́ ògì sẹ́ ni ilẹ̀ tó dára jù. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀dà ṣe tó bẹ́ẹ̀. Fún òkúta abẹ́ irin, yanrìn ni a óò dà, a ó wọ́n omi tí ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan wà nínú rẹ̀ sí i, kí a tó kán gúlù funfun tí a fi omi bù láàbọ̀ láàbọ̀ sí i. Ọṣẹ náà ló ń jẹ́ kí gúlù wọlé dípò kó dúró lókè. Ẹ̀kọ kò dára fún iṣẹ́ yìí, èkúté ń jẹ ẹ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí a pa láró ni koríko kúkúrú, kànìnkànìn ìbílẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ ni koríko gígùn tó ti gbẹ. Fóòmù tí a já ni ewé máńgòrò, igi tí kò yẹ kó wọ́n nínú àwòṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Òrùlé páànù ni ibi tí àwòṣe ìlú wa ti ń hàn gedegbe. Ìgbì páànù ojúlówó jìnnà síra ní nǹkan bíi 76 mm. Ní 1:64, 1.2 mm ni. Ìlà tó yí ara bóòtì tí mẹkáníìkì ń fi sípánà 13 tú ká jìnnà síra ní 1.25 mm. Bí a bá gé àwo fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ òde, tí a tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì, tí a sì fi bóòtì náà yí lé e lórí láti etí dé etí, páànù ti jáde. Ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ tí a fi fóòmù gbígbẹ bù lé e fẹ́ẹ́rẹ́ ni ìpẹtà. Ìgbì inú páálí káàtọ̀n tóbi jù fún iṣẹ́ yìí. Àkúfọ́ igbá àwọn onígbá fínfín Ọ̀yọ́, tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀, dára fún orí òkè àti àpáta.

Ohun tí a lè wò kọ́

Ẹ́ńjìnnì elèéfín River class, tó ní táyà ìwakọ̀ mẹ́jọ, ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ti ojú irin àtijọ́. Ilé Jaekel ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, àwọn àwòrán àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Ní ti irin tuntun, ìdábùú kọnkéré ló wà lábẹ́ rẹ̀; irin ni ọ̀pọ̀ ìdábùú ti àtijọ́, ìyàtọ̀ yìí sì yẹ kó hàn nínú àwòṣe.

Ìtọ́jú

Spírítì lára aṣọ mímọ́ ni wọ́n fi ń nu irin. Pépà ìfági máa ń ha á, ojú híha sì ni ìdọ̀tí ń tètè dì mọ́. Aṣọ tín-ín-rín tí a bo gbogbo pẹpẹ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí a kò bá lò ó yóò dín eruku ọyẹ́ kù.