Ẹ Wọn Sísanra Pákó Kí Ẹ Tó Fi Yàrá Kún Ilé Ọmọláńgidi

Àwọn tó ń gbé ilé ọmọláńgidi wá sọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe pọ̀ ju àwọn tó ń béèrè ìmọ̀ràn kí wọ́n tó fi ayùn kan pákó lọ, ẹjọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì máa ń rò. Wọ́n ra ilé tí wọ́n ti gé pákó rẹ̀ sínú páálí, wọ́n tò ó tán, ó wá wù wọ́n láti fi ilé ìdáná tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un. Wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lára páálí, wọ́n gé pákó tuntun tẹ̀ lé e, àfikún náà sì kọ̀ láti bá ilé mu. Nọ́ńbà ara páálí sábà máa ń ka etí òrùlé tó yọ síta mọ́ ọn, kò sì sọ ibi tí ògiri dúró sí. Ilé tó dúró níwájú yín gan-an ni kí ẹ wọ̀n.

Mo gbà pé ẹ mọ rúlà í lò, ẹ sì mọ̀ pé ní òṣùwọ̀n 1:12, íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni sísanra pákó. Pílíwúùdù tó wà nínú ọ̀pọ̀ páálí olówó pọ́ọ́kú nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 3, nígbà tí pákó àwọn ilé tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀), máa ń tó mìlímítà 9.5. Bí ilẹ̀ ilé yín bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ẹ sì fi èkejì ṣe ilẹ̀ àfikún lórí tábìlì kan náà, ìyàtọ̀ mìlímítà 6.5 ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lè pè é ní ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 12, sẹ̀ǹtímítà 7.8 ni, ìyẹn ibi ìkọsẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ìkòkò kọjá.

Fèrèsé pẹ̀lú ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tà fún òṣùwọ̀n 1:12 ni wọ́n ṣe fún ògiri mìlímítà 9.5; bí ẹ bá kì wọ́n bọ inú pílíwúùdù mìlímítà 3, férémù wọn yóò yọ sínú yàrá bí etí àwo, àfi tí ẹ bá lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ihò náà ká láti inú. Ìwọ̀n ilẹ̀ náà ńkọ́? Tí ẹ bá fẹ́ kí inú yàrá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20.6 pẹ̀lú pákó mìlímítà 3, tàbí 21.9 pẹ̀lú ti mìlímítà 9.5. Níbi tí àfikún ti kan ilé, ẹ má ṣe tún ògiri mìíràn mọ. Ògiri ilé ti tó.

Ní ti òrùlé, ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ fèrèsé òkè, nítorí ibẹ̀ ni òrùlé àfikún kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fi páálí ṣe gbogbo àfikún náà ná, ẹ fi sẹ́lótéèpù so ó mọ́ ilé, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ lè gbé àga síbi tó jìnnà jù. Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé tó ya àwòrán ilé ọmọláńgidi Ọbabìnrin Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1921 sí 1924, tó sì wà ní ààfin Windsor níbẹ̀ títí di òní, ṣètò kí ògiri ìta lè gbéra sókè kí inú ilé lè hàn. Bí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá ro bí ọwọ́ yóò ṣe wọlé, kí ló dé tí ẹ̀yin kò ní rò ó?

Bí pákó bá tẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kùn ún, ẹ má ṣe sọ fún mi pé pákó náà kò fẹ́ di ilé, bí mo ti máa ń gbọ́. Pákó kò ní ìfẹ́ inú. Ọ̀dà olómi ni ẹ fi kun ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ náà mu omi, èkejì kò mu. Ẹ kun méjèèjì.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń kọ́ aráyé pé gọ́ọ̀mù gbígbóná tó ń jáde láti ẹnu ìbọn ni kí a fi lẹ ilé. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í wọ inú pákó, ó máa ń ki débi pé ojú méjèèjì kò ní lè pàdé dáadáa, ooru sì máa ń sọ ọ́ di rírọ̀. Bàbá kan tẹ̀ lé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ó fi lẹ ilé ìdáná mọ́ ògiri tí ọmọ rẹ̀ ti kùn tán, ó sì gbé ilé náà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Àfikún náà já ní ọ̀sán gangan, ó bọ́ pẹ̀lú ọ̀dà ara ògiri àti wáyà iná fóólìtì 12 tí wọ́n fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó sì fa gílóòbù òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jáde láti inú àjà. Nígbà tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀bẹ ni mo fi yọ gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀, mo sì fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò ní gbogbo ibi tí pákó yóò ti kan pákó, nítorí pé gọ́ọ̀mù tó bá di ọ̀dà mú kò tíì di ilé mú. Lẹ́yìn náà ni mo fi gọ́ọ̀mù pákó funfun lẹ̀ ẹ́, mo fún un mọ́ra di ọjọ́ kejì kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbá náà ní ìbọn gọ́ọ̀mù òun ṣì wà, ṣé òun lè fi lẹ òrùlé. Mo ní kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.