Ó Jáwọ́ Nínú Ọtí, Gìrì Mú Un: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ní Nyanya níbí, l'Abuja, ti ń fi ọtí sáṣẹ́ẹ̀tì jí láràárọ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ku ọ̀la, ó ronú pìwà dà, ó da ìyókù nù. Lọ́jọ́ kejì ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Lóru, gìrì mú un. Ní báyìí ó ń lé kòkòrò tí a kò rí lára ògiri. Àwọn ará ilé ní àwọn ayé ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ná, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ọtí ń tẹ ọpọlọ rì. Bí ẹnìkan bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ náà á máa ta kò ó, kí ara lè dúró. Ẹ wo ẹni méjì tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kan láti inú àti láti ìta: tí ẹni ìta bá kúrò lójijì, ẹni inú á já síta. Bí ọpọlọ ṣe ń já nìyẹn nígbà tí ọtí bá tán lára.

Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ìmu ìkẹyìn ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gìrì sábà máa ń dé kí wákàtí 48 tó pé. Ìrànrán tó burú jù, tí ẹni náà á máa rí ohun tí kò sí, máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó sì lè pa ènìyàn. Láti ọdún 1813 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Sutton, ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Ayé kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mutí ló ń ṣe o. Ẹni tó ń mu bíà kan lópin ọ̀sẹ̀ kò ní irú ìṣòro yìí.

Ìbéèrè: Ṣé kí a fún un ní ọtí díẹ̀ padà? Àbí àgbo gìrì?

Ìdáhùn: Ẹni tí gìrì ti mú, tí kò sì mọ ibi tó wà, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí. Ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò tíì dáwọ́ dúró ní tirẹ̀, kí ó má ṣe já a lójijì. Kí dókítà bá a dín in kù.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n á ṣe fún un níbẹ̀?

Ìdáhùn: Oògùn tó ń rọ ọpọlọ, bíi diazepam, ni wọ́n á fún un, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ 5 sí 7. Wọ́n á tún gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, torí ọtí ti jẹ ẹ́ tán lára rẹ̀. Ó yẹ kí èyí ṣáájú omi oníṣúgà tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, kí omi náà má bàa ba ọpọlọ jẹ́. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Tí ara bá balẹ̀ tán, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà nílé ìwòsàn Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kaduna.

Ìbéèrè: Ààwẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Aláìsàn ni. Kùránì yọ̀ǹda kí ó san án padà nígbà mìíràn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù nínú ilé bíi tiyín ni ìtìjú: tí dókítà bá béèrè, ẹ á ní "kì í fi bẹ́ẹ̀ mu." Ẹ sọ iye sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń mu lóòjọ́ àti ìgbà tó mu èyí tó kẹ́yìn. Òun ni dókítà fi máa mọ iye oògùn tó tó.